Dókítà Àsansílẹ̀: Kí Lẹ Ń Sanwó Ẹ̀ Gan-an?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà tó ń gba owó ọdọọdún tàbí oṣooṣù kí wọ́n tó kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ ti pọ̀ débi pé mo ní kí n kúkú fi gbogbo ojú ewé yìí dá yín lóhùn. Amẹ́ríkà ni gbogbo àwọn tó kọ̀wé ń gbé, torí náà òfin àti owó ibẹ̀ ni màá máa sọ. Tábìlì iwájú ní ọ́fíìsì dókítà ni mo jókòó sí fún ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo ń gbé fóònù, èmi ni mo ń sọ fún ìyá àgbà tó ń wúkọ́ pé àyè ò sí àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí mi rárá.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fọ́mọdé. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní òun ní dókítà concierge, òun ní nọ́ńbà fóònù ẹ̀, òun sì lè pè é lóru. Ṣé ínṣọ́ránsì tuntun ni? Ẹlòmíì tún ń sọ DPC. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? — Òǹkàwé kan, Houston

Kì í ṣe ínṣọ́ránsì o. Ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn sọ́kàn. Àkókò dókítà ni ọ̀rẹ́ yín ń rà.

Ẹ wò ó báyìí. Dókítà ìdílé lásán ní Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń ní tó èèyàn 2,000 lórí ìwé ẹ̀, ti àwọn míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iye tí ínṣọ́ránsì ń san lórí ẹnì kan tó wọlé ò tó nǹkan, àfi kó rí èèyàn púpọ̀ lóòjọ́ kí owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ tó jáde. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú 15 la máa ń kọ sílẹ̀ fún ẹnì kan. Nọ́ọ̀sì á ti lo márùn-ún nínú ẹ̀ láti wọn ìfúnpá àti láti béèrè oògùn tí wọ́n ń lò, dókítà á wá wọlé, ojú ẹ̀ á wà lára kọ̀ǹpútà, tẹ́ni náà bá wá ní nǹkan mẹ́ta tó ń dùn ún, ọ̀kan ni wọ́n á rí sọ, wọ́n á ní kó padà wá fún méjì tó kù. Dókítà yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú o, mo máa ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́ tí mo bá ń lọ sílé, ìwé ló ṣì ń kọ. Èèyàn ló pọ̀ jù lọ́rùn ẹ̀.

Ohun tí concierge wá ṣe ni pé ó dín èèyàn kù, ó sì gba owó lọ́wọ́ àwọn tó kù láti fi dí àlàfo yẹn. Ká ní dókítà kan gba èèyàn 400, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san dọ́là 2,000 lọ́dún, dọ́là 800,000 ti wọlé kó tó yẹ ẹnikẹ́ni wò. Inú ẹ̀ ló ti máa san owó ilé àti owó nọ́ọ̀sì lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tó ń lé e mọ́ pé kó rí èèyàn 25 kílẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tó fi lè bá yín jókòó fún odindi wákàtí kan, tó fi lè gbé fóònù yín lóru, tẹ́ ẹ bá sì pè lónìí tẹ́ ẹ lè rí i lọ́la.

Ìlú Seattle ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1996, nígbà tí Dókítà Howard Maron, tó ti ń tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ SuperSonics tẹ́lẹ̀, àti ẹnì kejì ẹ̀ dá iléeṣẹ́ concierge tó ń jẹ́ MD² sílẹ̀. Ìdílé 50 péré ni dókítà kọ̀ọ̀kan ń gbà níbẹ̀, owó ẹ̀ sì ga, ti olówó ńlá ni. Lọ́dún 2000 ni iléeṣẹ́ míì, MDVIP, dé ní Florida, àwọn fi iye èèyàn sí 600 fún dókítà kan, owó wọn sì wálẹ̀ gan-an sí ti àwọn ará Seattle, òun ló jẹ́ kí nǹkan yìí dé ọ̀dọ̀ tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Títí dòní ẹ máa rí èyí tó ń gba nǹkan bíi dọ́là 2,000 lọ́dún, ẹ sì máa rí èyí tó ju 10,000 lọ.

Ibì kan wà tó máa ń dun àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ dókítà concierge ṣì ń kọ bíìlì ránṣẹ́ sí ínṣọ́ránsì yín lẹ́yìn owó ọdún tẹ́ ẹ san, ẹ ti rò pé ẹ ti san gbogbo ẹ̀ tán, co-pay tún dé, ìyẹn owó tẹ́ ẹ ń san nígbà tẹ́ ẹ bá rí dókítà, deductible tún dé, ìyẹn iye tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó àpò yín san lọ́dún kí ínṣọ́ránsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Owó ọdún yẹn, ẹnu ọ̀nà ló wà fún.

DPC, ìyẹn Direct Primary Care, àbúrò concierge la lè pè é. Òun kì í bá ínṣọ́ránsì da nǹkan pọ̀ rárá. Oṣooṣù lẹ máa ń san, èyí tó pọ̀ jù wà láàárín dọ́là 50 sí 150, ẹ lè lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóṣù kí bíìlì kankan má jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ti bá láàbù ṣàdéhùn, iye tí láàbù ń gbà lọ́wọ́ wọn gan-an ni wọ́n á gbà lọ́wọ́ yín fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu bó ṣe kéré tó. Ọdún 2007 ni ìpínlẹ̀ Washington ti ṣòfin lórí irú ẹ̀, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe ínṣọ́ránsì, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ẹ tún máa gbọ́ One Medical, àwọn kílíníkì dókítà ìdílé tó ń gba owó ọdún. Nígbà tí Amazon rà á lọ́dún 2023, dọ́là 199 ni owó ọdún wọn. Ìyẹn kì í ṣe concierge, wọ́n ń kọ bíìlì sí ínṣọ́ránsì bíi ti gbogbo ayé, áàpù wọn àti bó ṣe yá láti rí àyè lẹ ń sanwó ẹ̀.

Àǹtí mi, lẹ́tà kan dé sílé màmá mi láti ọ̀dọ̀ dókítà tó ti ń tọ́jú wọn láti ọdún 11 sẹ́yìn. Ó ní òun ń di concierge, kí màmá san dọ́là 1,800 lọ́dún kí wọ́n tó lè máa wá bá òun lọ. Màmá ti pé ẹni ọdún 74, Medicare, ínṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ni wọ́n ń lò. Ó dùn wọ́n débi pé wọ́n ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní dókítà tì wọ́n síta. Ṣé ó bófin mu? Ṣé Medicare á san án? — Ọmọ wọn obìnrin, Maryland

Ẹ bá mi kí màmá gan-an ni. Ọdún 11 kì í ṣe ọjọ́ 11, ẹni tó ti mọ ara èèyàn, tó mọ oògùn tó bá a mu àti èyí tó ń kó ìyàgbẹ́ bá a, tó bá ní òun ò rí i mọ́ àfi tó bá sanwó, ó yẹ kó dunni.

Ó bófin mu. Medicare ò sì ní san kọ́bọ̀ nínú dọ́là 1,800 yẹn, Medigap, ìyẹn ínṣọ́ránsì àfikún tí àwọn kan ń rà lé Medicare, òun náà ò ní san án. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n lọ́fíìsì yẹn kẹ́ ẹ tó bínú tàbí kẹ́ ẹ tó sanwó: ṣé dókítà yìí ṣì wà nínú Medicare, àbí ó ti jáde?

Tó bá ṣì wà nínú ẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ọdún lórí ohun tí Medicare ti ń san tẹ́lẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, àbẹ̀wò ọdọọdún tí Medicare ń sanwó ẹ̀ fún màmá, kò lè sọ pé ara ohun tí 1,800 wà fún nìyẹn. Lọ́dún 2004 àwọn olùṣèwádìí ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ti kìlọ̀ fún àwọn dókítà lórí ẹ̀. Ohun tí Medicare ò san ni owó yẹn gbọ́dọ̀ wà fún, bíi pípè é lóru, àyẹ̀wò kan tí Medicare ò kà sí. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ rí i.

Tó bá ti jáde, ìyẹn lágbára díẹ̀. Ó máa ní kí màmá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé gbogbo ohun tí dókítà yẹn bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, àwọn ló máa fi owó àpò san án, Medicare ò ní dá sí i, ìjáde yẹn sì máa ń jẹ́ fún ọdún méjì-méjì. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín jù, láàbù tó bá rán wọn lọ, dókítà ọkàn tó bá ní kí wọ́n rí, ọsibítù, Medicare ṣì ń san ti àwọn yẹn, bí àwọn náà bá ti ń gba Medicare.

Tẹ́ ẹ bá pinnu pé ẹ ò san án, ẹ má dúró títí di ọjọ́ tí wọ́n dá nínú lẹ́tà. Ẹ béèrè bóyá dókítà míì tàbí nurse practitioner, ìyẹn nọ́ọ̀sì àgbà tó lè kọ oògùn, wà nínú ọ́fíìsì kan náà tó ń gba àwọn tí ò wọ ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń wà, wọn ò kàn ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ ní kí wọ́n kọ oògùn tí màmá ń lò fún oṣù mẹ́ta sílẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì. Ẹ kọ̀wé béèrè fáìlì wọn, òfin HIPAA, tó wà fún fáìlì ìtọ́jú èèyàn, fún wọn ní ọjọ́ 30 láti kó o fún yín, ẹ gbà á sọ́wọ́ ara yín, ẹ má sọ pé ọ́fíìsì kan á fi ránṣẹ́ sí èkejì, mo ti rí fáìlì tó sọnù sọ́nà lọ́pọ̀ ìgbà.

Tẹ́ ẹ bá wá bi mí pé ṣé kẹ́ ẹ san án, dọ́là 150 lóṣù ni 1,800 lọ́dún. Tí màmá bá ní àrùn méjì mẹ́ta tó ń bá wọn fà á, tí wọ́n ń rí dókítà àkànṣe bíi mẹ́ta tẹ́nì kan ò mọ ohun tẹ́nì kejì kọ, tẹ́yin ọmọ sì lè dá owó náà, èmi á san án. Kì í ṣe torí yàrá tó mọ́ àti kọfí tí wọ́n ń gbé fún èèyàn o, torí pé ẹnì kan á wà tó ń wo gbogbo oògùn yẹn pa pọ̀ ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń rí dókítà, ẹ wá òmíràn fún wọn.

Àǹtí, ọmọ ọdún 27 ni mí, ara mi le koko. DPC kan ládùúgbò mi ń gba dọ́là 70 lóṣù, ínṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ mi sì ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé mi ò lè pa ínṣọ́ránsì yẹn tì? — Àbúrò yín, Atlanta

Má ṣe bẹ́ẹ̀, àbúrò mi, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Tí inú bá gún ọ lóru, tó jẹ́ pé apẹ́ńdíìsì ló fẹ́ bẹ́, dókítà dọ́là 70 yẹn á gbé fóònù ẹ lóòótọ́, ohun tó máa sọ fún ẹ ni pé kó o máa lọ sí ẹmájẹ́ńsì kíá. Kò lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ nínú ọ́fíìsì. Owó áńbúláǹsì, owó iṣẹ́ abẹ, owó bẹ́ẹ̀dì, ìwọ ló máa dá gbogbo ẹ̀ san, ó sì lè ba ọdún mẹ́wàá jẹ́ fún ẹ. Tó o bá fẹ́ràn DPC yẹn, béèrè níbi iṣẹ́ bóyá wọ́n ní ínṣọ́ránsì tí deductible ẹ̀ ga tí owó oṣooṣù ẹ̀ sì kéré, kó o so méjèèjì pọ̀. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, bàbá àti màmá wa ń bọ̀ wá kí wa fún oṣù márùn-ún lórí físà àbẹ̀wò. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, kílíníkì kan gba owó gọbọi lọ́wọ́ wa torí oògùn tí ò tó nǹkan. Ṣé DPC yìí lè gba ẹni tí kì í ṣe ará ibí? — Ọkùnrin kan, Dallas

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí ibí gan-an ni mo rò pé DPC ti wúlò fún àwa jù, a ò sì sọ ọ́ tó láàárín ara wa.

Medicare ò sí fún ẹni tó wá ṣàbẹ̀wò. Kódà ẹni tó ní gíríìnkáàdì tó ti pé 65, tí ò ṣiṣẹ́ rí níbí, ó gbọ́dọ̀ ti gbé ibí fún ọdún márùn-ún láìdáwọ́ dúró kó tó lè fi owó ra á. Torí náà owó àpò ni ti bàbá. Dókítà DPC, owó àpò náà ni iṣẹ́ ẹ̀, kò nílò káàdì ínṣọ́ránsì láti kọ bàbá sílẹ̀. Ká ní dọ́là 90 ni lóṣù, oṣù márùn-ún jẹ́ 450, nínú ẹ̀ wọ́n á wọn ìfúnpá bàbá nígbàkigbà, wọ́n á tún oògùn ẹ̀ kọ, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá wú lọ́jọ́ Sátidé ẹ lè ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà lórí fóònù.

Ẹ pè wọ́n kí bàbá tó wọ bàálù o. Ẹ sọ òótọ́ pé oṣù márùn-ún ni wọ́n máa lò, torí àwọn kan máa ń ní kẹ́ ẹ san ti ọdún kan, àwọn kan sì ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí bàbá kó páálí oògùn wá pẹ̀lú ìwé tí dókítà wọn kọ, kì í ṣe kí wọ́n tú oògùn sínú ọ̀rá, torí orúkọ tí iléeṣẹ́ kan fún oògùn nílé lè yàtọ̀ síbí, orúkọ oògùn gan-an tó wà lára páálí ni dókítà á fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún ra ínṣọ́ránsì àlejò fún ohun ńlá, àmọ́ ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ò ní san ohunkóhun tó bá jáde látinú ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bàbá, ibi tí ewu wà gan-an ni wọ́n yọ. Tí nǹkan bá ṣe bàbá lójijì, tọ́rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn tàbí tí àyà ń dùn wọ́n, 911 ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má pe dókítà DPC kọ́kọ́. Láti 1986 ni òfin EMTALA ti sọ ọ́ di dandan fún ẹmájẹ́ńsì láti yẹ ẹnikẹ́ni wò kí wọ́n sì mú ara ẹ̀ dúró, ó lówó tàbí kò ní. Bíìlì á dé lẹ́yìn ẹ̀ o. Tí ọsibítù náà bá jẹ́ èyí tí kì í ṣe fún èrè, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó wọn, òfin ní kí wọ́n ní i.

Bí dọ́là 90 lóṣù bá ti pọ̀ jù, ẹ wo kílíníkì àdúgbò tí ìjọba àpapọ̀ ń tì lẹ́yìn, àwọn tí wọ́n ń pè ní community health center, iye tó ń wọlé fún èèyàn ni wọ́n fi ń dá owó lé e. Ẹ lè dúró pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ wọn dáa.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní HSA níbi iṣẹ́, ìyẹn àpò owó ìtọ́jú tí wọn kì í gba owó orí lé lórí. Wọ́n ní tí mo bá wọ DPC màá ba HSA mi jẹ́. — Òǹkàwé kan, Chicago

Òótọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó ti yí padà. Òfin owó orí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2025 sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, DPC tí ò bá ju dọ́là 150 lóṣù lọ fún ẹnì kan, tàbí 300 tó bá ju ẹnì kan lọ, kò dí yín lọ́wọ́ láti máa fowó sínú HSA, ẹ tiẹ̀ lè fi owó inú HSA san án. Ìtọ́jú dókítà ìdílé nìkan ni owó yẹn gbọ́dọ̀ wà fún o. Tó bá kọjá iye yẹn, òfin yìí ò bò ó, concierge tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò sí nínú ẹ̀. Ẹ bá ẹni tó ń bá yín ṣírò owó orí sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fi káàdì HSA san ohunkóhun.

Àǹtí, mo lówó ẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Tí dókítà bá mú èèyàn 600 nínú 2,000, níbo ni 1,400 tó kù ń lọ? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Philadelphia

Wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó kù, àwọn tí tiwọn ti kún tẹ́lẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Èmi ni mo gba fóònù àwọn kan nínú wọn nígbà tí dókítà kan ládùúgbò wa yí padà, wọ́n ń sunkún, mo ń wá àyè fún wọn, kò sí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà, AMA, sọ nínú ìlànà ìwà wọn pé dókítà tó bá ń yí padà gbọ́dọ̀ bá àwọn tí ò tẹ̀ lé e wá ibòmíì, àwọn kan ń ṣe é dáadáa, àwọn kan á kàn fi ìwé orúkọ dókítà mẹ́ta ránṣẹ́. Àmọ́ mo tún mọ dókítà tó ti fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ pátápátá nítorí àárẹ̀, DPC ló dá a dúró, 600 tó rí i yẹn ì bá má rí i rárá. Méjèèjì ni mo gbé lọ́wọ́, mi ò tíì rí ibi tí màá sọ ọ̀kan sí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ dá àìtó dókítà sílẹ̀, tí ara yín tàbí ti ọmọ yín bá nílò ẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́.

Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé ṣá, ẹ bi wọ́n ní iye èèyàn tí dókítà ní báyìí àti iye tí ò ní gbà kọjá, torí àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 400, lọ́dún kẹta á ti di 900, owó ò sì wálẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń dúró fún un tó bá rìnrìn àjò. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á dá owó padà tẹ́ ẹ bá kó kúrò nílùú tàbí tí ọ́fíìsì bá tì, torí ó ń ṣẹlẹ̀, Qliance ní Seattle tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú DPC gbajúmọ̀ tì lọ́dún 2017. Ẹ wò ó bóyá káàdì yín á máa san án lọ fúnra ẹ̀ lọ́dọọdún. Kẹ́ ẹ wá gba nọ́ńbà tí wọ́n ní kí ọmọ ẹgbẹ́ máa pè lálẹ́, ẹ pè é ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́ ẹni tó máa gbé e.